Pọ́ǹpù Dádì: bí a ṣe tú Mákì Tú ọ̀nà Ìdèrè tí a sì tò ó padà

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bi wá látijọ́ pé kí la máa fi ìrántí ọdún kan Dádì ṣe, ṣé a máa pa màlúù ni àbí a máa gbé mábù sórí sàréè, iṣẹ́ tá a ṣe rèé. Pọ́ǹpù la tún ṣe. Mo ń kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe lọ, àtèyí tó rọrùn àtèyí tó fẹ́ẹ̀ pa wá, torí ìgbà témi fúnra mi ń wá ẹni tó máa fi Yorùbá ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń tú irú ẹ̀ mi ò rí ẹnì kankan, gbogbo ẹ̀ ló jẹ́ ìwé òyìnbó pẹ̀lú àwòrán tí ò hàn dáadáa.

Pọ́ǹpù ọlọ́wọ́ ni o, èyí tí wọ́n ń fọwọ́ tẹ̀. India Mark II lorúkọ ẹ̀ lórí ìwé, Íńdíà ni wọ́n ti ṣe é láàárín ọdún 1970 sí 1980 pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ UNICEF, ó sì ti kárí ayé tán. Mákì Tú làwọn ará abúlé ń pè é. Abúlé tó wà yà kúrò lọ́nà Ìdèrè ní Ìbàràpá, mi ò ní dárúkọ ẹ̀ torí Baálẹ̀ ní àwọn ò fẹ́ ariwo.

Dádì ló ń tọ́jú ẹ̀. Kì í ṣe iṣẹ́ wọn, kò sẹ́ni tó ń san kọ́bọ̀ fún wọn. Tíṣà jọ́gíráfì ni wọ́n títí wọ́n fi fẹ̀yìntì, ọ̀gá Síkáòtù ni wọ́n, tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ bá wọn jà ẹ sọ fún wọn pé ọjọ́ ìsinmi ni Sátidé. Sátidé, òkè ni, bí kì í bá ṣe òkè á jẹ́ pọ́ǹpù. Àwọn ọmọ tá a jọ dàgbà, tílé ìwé bá ti gba họlidé Èkó ni wọ́n ń lọ, wọ́n á dé wọ́n á máa ròyìn Bar Beach fún wa, àwa á máa ròyìn Asábàrí ní Ṣakí àti adágún Ìyákè tó wà lórí òkè ní Adó-Àwáyè, ẹni tó bá ń gbọ́ ọ á rò pé wọ́n fìyà jẹ wá ni. Ìgbà tá a kọ́kọ́ lọ Ìdànrè àbúrò mi ṣì kéré, àtẹ̀gùn ibẹ̀ sì lé ní 600, ọmọ jókòó sọ́nà ó ní òun ò lọ mọ́, Dádì kàn gba ọ̀já lọ́wọ́ Mọ́mì wọ́n pọ̀n ọ́n. Ọkùnrin gìrìwò, irùngbọ̀n, ṣòkòtò Síkáòtù, ọmọ lẹ́yìn, wọ́n ń gòkè lọ. Àwọn obìnrin tó ń sọ̀ kalẹ̀ dúró wọ́n ń pàtẹ́wọ́, Dádì ń dá wọn lóhùn pé "ẹ ṣé o, ẹ bá mi kí bàbá ọmọ." Mọ́mì ò rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn o, ẹ̀yìn ìgbà yẹn ló wá ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín.

Ẹni tó bá dàgbà ní Ìbàràpá láyé ìgbà yẹn ò nílò kí n ṣàlàyé sóbìà fún un. Fún ẹ̀yin ọmọ tuntun: aràn ni, guinea worm lòyìnbó ń pè é. Kòkòrò kékeré kan ń bẹ nínú omi adágún, ojú lásán ò fẹ́ẹ̀ lè rí i, òun ló gbé ọmọ sóbìà sínú. Ẹ mu omi, ẹ ò mọ nǹkan kan, bí ọdún kan lẹ́yìn ìgbà náà ẹsẹ̀ á wú, á lé ròrò, á máa jó yín bí iná, ẹ̀yin fúnra yín lẹ á sáré lọ ki ẹsẹ̀ bọ omi kó lè tù yín, ibẹ̀ náà ni sóbìà ti ń da ọmọ ẹ̀ padà sínú omi tí ẹlòmíì máa mu lọ́la. Aràn yẹn lè gùn tó mítà kan. Igi kékeré ni wọ́n fi ń ká a díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́, tó bá já sínú ẹsẹ̀ wàhálà tuntun ló bẹ̀rẹ̀. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló máa ń le jù, tí adágún ti fà tán, tó sì jẹ́ pé ìgbà yẹn náà niṣẹ́ oko pọ̀. Nígbà tí wọ́n kà wá káàkiri Nàìjíríà ní 1988 sí 1989, àwọn tó ní in lé ní 650,000, kò sí orílẹ̀-èdè tí tiẹ̀ pọ̀ tó tiwa lágbàáyé.

Àwọn Yunifásítì Ìbàdàn tó ní ibùdó ìlera ní Igbó-Ọrà ti ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀ ní Ìdèrè ṣáájú ìgbà yẹn, wọ́n ń kọ́ àwọn ará abúlé fúnra wọn níṣẹ́ ìlera. Ibẹ̀ ni Dádì ti kó wọ̀ ọ́. Wọ́n á gbé aṣọ náílọ́ọ̀nù funfun tí wọ́n fi ń sẹ́ omi sẹ́yìn Suzuki, wọ́n á máa ti abúlé kan bọ́ sí èkejì, ibi tí Suzuki ò bá lè dé wọ́n á fẹsẹ̀ rìn ín, inú wọn á sì máa dùn pé Suzuki ò lè débẹ̀. Jimmy Carter àti Ọ̀gágun Gowon làwọn èèyàn mọ̀ mọ́ ìjà sóbìà yẹn, ó dáa bẹ́ẹ̀, wọ́n ṣe é. Àmọ́ ẹni tó dúró létí odò tó ń bẹ ìyá àgbà kan pé kó má ki ẹsẹ̀ bọ omi, olúwa ẹ̀ ò sí nínú fọ́tò kankan. Ọdún 2008 lẹni tó ní in kẹ́yìn ní Nàìjíríà, 2013 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ó ti tán nílẹ̀ wa. Bí sóbìà ṣe ń lọ tán, pọ́ǹpù ò tán. Dádì gba sípánà.

Ìpàdé ẹbí

Mo fẹ́ yára kọjá ibí torí ẹ mọ bí ìpàdé ẹbí ṣe máa ń rí. Bọ̀dá mi àgbà fẹ́ mábù dúdú kan ńlá tí wọ́n máa fi wúrà kọ orúkọ Dádì sí, ká rì í mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ pọ́ǹpù kí gbogbo ẹni tó bá wá pọnmi lè mọ ẹni tó ṣe é. Àǹtí mi tó wà ní Manchester wà lórí fóònù, ó ní òun á fowó sílẹ̀ àmọ́ òun fẹ́ mọ ohun tó ń ṣe pọ́ǹpù ná. Mọ́mì jókòó wọ́n ò sọ̀rọ̀, ìgbà tí ariwo pọ̀ wọ́n wọ yàrá lọ wọ́n gbé ìwé kan jáde, ìwé ọmọ ilé ìwé ẹlẹ́yìn pupa, wọ́n ní ẹ kà á kẹ́ ẹ tó jà.

Ìwé pọ́ǹpù ni. Dádì kọ gbogbo ohun tí wọ́n ṣe sí i. Mo da díẹ̀ kọ síbí bí wọ́n ṣe kọ ọ́: "Wáṣà tuntun, méjèèjì. Ṣéènì ti gba gírísì. Baálẹ̀ ní kí n mú iṣu lọ, mo mú ẹyọ kan." Ojú ìwé míì: "Ọwọ́ pọ́ǹpù ń mì. Bẹ́rìn ni. Owó ò tíì sí." Ìsàlẹ̀ ẹ̀, bíró míì: "Mo ta bàtà òkè kan." Ìyẹn ni pé wọ́n ta bàtà tí wọ́n fi ń gun òkè láti fi ra bẹ́rìn. Kò sẹ́ni tó mọ̀ nínú wa. Mọ́mì náà ní wọ́n sọ fún òun pé bàtà yẹn ti kéré jù ni, ẹsẹ̀ ọkùnrin ẹni àádọ́ta ọdún!

Bọ̀dá ò sọ̀rọ̀ mábù mọ́ lọ́jọ́ yẹn. Ó ṣì tún sọ ọ́ nígbà tó yá ṣá.

Kí ló ń ṣe é

Pọ́ǹpù ò kú pátápátá o, ohun tó fi burú jù nìyẹn, torí pọ́ǹpù tó bá kú èèyàn á wá nǹkan ṣe sí i. Èyí, ẹ máa tẹ̀ ẹ́ títí apá á fi ro yín kí omi tó yọ, tó bá yọ á pupa fún bákẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́, tẹ́ ẹ bá fi sílẹ̀ díẹ̀ tẹ́ ẹ padà dé ẹ tún máa bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ ẹ̀ ń mì sápá ọ̀tún sápá òsì. Simẹ́ńtì ìdí ẹ̀ ti là, omi ìdọ̀tí ń wọlé padà.

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé inú ẹ̀ ní kúkúrú kẹ́ ẹ lè bá mi lọ. Orí ẹ̀ tẹ́ ẹ ń rí lókè ni ọwọ́, ṣéènì àti bẹ́rìn wà. Ọwọ́ yẹn gùn torí agbára ni, ẹ fi ìwọ̀n kan tẹ̀ ẹ́ ó fi bíi mẹ́jọ gbé e. Láti orí, páìpù ń sọ̀ kalẹ̀ sínú ilẹ̀, mítà mẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n so ó pọ̀, inú páìpù yẹn náà ni ọ̀pá irin tó sanra tó mìlímítà 12 gbà, òun náà mítà mẹ́ta-mẹ́ta. Nísàlẹ̀ pátápátá ni sílíńdà wà nínú omi. Ọ̀pá ń gbé písítìnì lọ sókè sódò nínú sílíńdà, wáṣà méjì tó rí bí ife ló wà lára písítìnì, awọ ni láyé àtijọ́, rọ́bà ni báyìí, àwọn ló ń di omi mú. Fáàfù kan ń bẹ nísàlẹ̀ tí kì í jẹ́ kí omi padà.

Nítorí náà: kó tó yọmi ó ń pẹ́, á jẹ́ wáṣà ti jẹ tàbí fáàfù ìsàlẹ̀ ń jò tàbí páìpù ti lu. Omi pupa, páìpù ń dípẹtà. Ọwọ́ ń mì, bẹ́rìn. Ti wa, gbogbo ẹ̀ ni.

Àbúrò mi tó ń sin ẹja gbé nǹkan tó fi ń yẹ omi ẹja wò wá, ó fi yẹ omi yẹn, pH ẹ̀, ìyẹn ìwọ̀n tó ń sọ bí omi ṣe kan tó, kò tó 6.5. Omi tó bá ti kan báyẹn, páìpù gálífánáìsì ò lè pẹ́ nínú ẹ̀, ṣíńkì ara ẹ̀ á kọ́kọ́ lọ, irin á wá tẹ̀lé e. Dádì ti kọ ọ́ sínú ìwé tẹ́lẹ̀ pé "omi yìí ń jẹ irin" wọ́n sì fa ìlà sí i nídìí lẹ́ẹ̀mejì.

Ọjọ́ tá a tú u

Wàhálà Mákì Tú ni pé bí wáṣà kékeré bá jẹ nísàlẹ̀, gbogbo páìpù lẹ máa yọ. Mark III tó wá lẹ́yìn ẹ̀ ti dáa jù bẹ́ẹ̀, páìpù tiẹ̀ fẹ̀, písítìnì á gba inú ẹ̀ jáde láì yọ páìpù. Àmọ́ tiwa, Mákì Tú ni, ẹ̀mí ẹ̀ sì wà ní mítà 33 nísàlẹ̀ ilẹ̀.

Ẹ ṣírò ẹ̀: páìpù, ọ̀pá, àti omi tó wà nínú ẹ̀, ó lé ní kílò 150. Kì í ṣe nǹkan tẹ́ ẹ máa fọwọ́ fà. Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta la rì, páìpù ńlá mẹ́ta tí wọ́n so lórí, a lọ yá ṣéènì bùlọ́ọ̀kù lọ́wọ́ mẹkáníìkì kan ní Igbó-Ọrà tó fi ń yọ ẹ́ńjìnì, ó ní táwọn bá ti gbọ́ pé ti Tíṣà Olókè ni àwọn ò ní gbowó. Tíṣà Olókè ni wọ́n ń pe Dádì káàkiri ibẹ̀, èmi ò tiẹ̀ mọ̀ pé orúkọ yẹn dé Igbó-Ọrà.

Nǹkan tó ṣe pàtàkì jù tẹ́ ẹ bá fẹ́ dán an wò: kílám̀pù. Tẹ́ ẹ bá ti gbé páìpù kan sókè, kílám̀pù gbọ́dọ̀ ti mú èyí tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀ kẹ́ ẹ tó tú u, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ gbogbo ẹ̀ á já lọ sínú kànga, kànga yẹn á di sàréè páìpù. Dádì ní kílám̀pù méjì nínú àpótí wọn, wọ́n ra ọ̀kan lọ́jà, ìkejì wọ́n ní kí wẹ́dà fi sípírì́ǹgì mọ́tò ṣe é, a rí i pé eyín tiwọn yẹn múná ju ti ọjà lọ. Wọ́n kọ ọ́ pẹ̀lú kíkùn funfun sára ẹ̀: MÉJÌ LA Ń LÒ. Pọ́ḿbà tá a mú wá láti ìlú ní ọ̀kan ti tó, òun ti ń ṣe é tipẹ́. Àwọn ọmọkùnrin abúlé ò gbà fún un. Wọ́n ní Tíṣà ò gbà bẹ́ẹ̀. Ká tó yọ páìpù kẹrin, kílám̀pù ọjà yọ̀, a gbọ́ ìró ẹ̀ gbàgà, gbogbo wa fò sẹ́yìn, ti Dádì dì í mú. Pọ́ḿbà kàn yọ fìlà ẹ̀ ó jókòó sílẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn òun fúnra ẹ̀ ló ń pariwo "méjì! méjì!" títí a fi parí.

Ohun tá a bá níbẹ̀: páìpù tó súnmọ́ ojú omi ti lu, ìka mi wọ ihò kan níbẹ̀. Títì, ìyẹn eyín ẹnu páìpù tí wọ́n fi ń dè é mọ́ra, ti àwọn mélòó kan ti jẹ tán, ìwọ̀nba táá fi já ló kù. Ọ̀pá kan ti tẹ̀, ó ti ń ha páìpù nínú, ìlà tó ń dán gbọọrọ wà lára ẹ̀. Wáṣà, àwo lásán ni, etí ẹ̀ ti lọ. Sílíńdà nìkan, ìyẹn tó jẹ́ idẹ nínú, kò ṣe nǹkan kan, a fi aṣọ nù ún ó ń dán.

Ọjà

Páìpù ló gba owó jù, ó ju gbogbo nǹkan yòókù lápapọ̀ lọ. Ẹ ṣọ́ra fún gálífánáìsì tí wọ́n ń tà báyìí, púpọ̀ nínú ẹ̀ fúyẹ́, tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ̀ ẹ gbé e sórí ìwọ̀n, páìpù mítà mẹ́ta tó dáa fún iṣẹ́ yìí súnmọ́ kílò mẹ́wàá. Èyí tí wọ́n kọ́kọ́ gbé fún wa ò tó bẹ́ẹ̀ rárá, ẹni tó ń tà á ń bínú pé ta ló ń wọn páìpù.

Ibí ni ọ̀rọ̀ mábù ti padà wá. Omi tó ń jẹ irin, tẹ́ ẹ bá tún fi irin sí i, ọdún díẹ̀ á tún pupa. Sténlẹ́ẹ̀sì ló yẹ ẹ́, owó ẹ̀ sì ga. Mo fi fóònù ránṣẹ́ sí gbogbo ẹbí pẹ̀lú fọ́tò páìpù tó lu àti ti ojú ìwé tí Dádì ti kọ ọ́ pé omi ń jẹ irin. Bọ̀dá dákẹ́ títí di alẹ́. Òun ló wá pè mí fúnra ẹ̀, ó ní kí n gba owó mábù. Ó ní àmọ́ kí orúkọ Dádì ṣáà wà níbì kan. Mo ní ó máa wà.

Bẹ́rìn rọrùn, Gate ní Ìbàdàn, ẹ mú èyí àtijọ́ dání kí wọ́n fi wọ̀n. Wáṣà rọ́bà, a ra púpọ̀ torí òun ló ń tètè jẹ. Téèpù pọ́ḿbà àti gírísì ẹ má fojú kéré ẹ̀ tẹ́ ẹ bá ń lo sténlẹ́ẹ̀sì, torí títì sténlẹ́ẹ̀sì tẹ́ ẹ bá dè é gbígbẹ, ó lè gán mọ́ra, sípánà ò ní lè tú u mọ́ láyé.

Mo fẹ́ sọ nǹkan kan kí n tó kúrò níbí. Lójú ọ̀nà kan náà yẹn, bọ́hò olóòrùn kan wà tí ẹnì kan tó ń wá ìbò gbé wá, táńkì ńlá, orúkọ ẹ̀ àti fọ́tò ẹ̀ gàgàrà lórí ẹ̀, ìgbà tí nǹkan kékeré kan bàjẹ́ lára ẹ̀ ìyẹn ló parí. Àwọn ọmọ ń fi òpó ẹ̀ so okùn aṣọ. Gbogbo èèyàn ló fẹ́ gbẹ́ kànga tuntun kí wọ́n ya fọ́tò níbẹ̀, kò sẹ́ni tó fẹ́ ra wáṣà. Mi ò ní purọ́, tí kì í bá ṣe ti ìwé ẹlẹ́yìn pupa yẹn, àwa náà ì bá gbẹ́ tuntun.

Simẹ́ńtì, àti òkè

Bíríkìlà fọ́ ìdí ẹ̀ àtijọ́ dà nù, a da tuntun, a jẹ́ kó ga láàárín kó dà gẹ̀ẹ́rẹ̀gẹ̀ síta, a sì la ojú omi gígùn kan tó gbé omi tó bá dà sílẹ̀ lọ sí ibi tí wọ́n ti gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ẹsẹ̀ pọ́ǹpù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́dọ̀ rì sínú ẹ̀ dáadáa kó sì dúró ṣánṣán, bó bá wọ́ díẹ̀ ọ̀pá á máa ha páìpù, ẹ fi léfẹ̀ẹ́lì yẹ̀ ẹ́ wò kó tó gan. Lẹ́yìn náà, àpò tútù lórí ẹ̀, omi láàárọ̀, omi nírọ̀lẹ́, kí ẹnikẹ́ni má tẹ̀ ẹ́. Ọ̀sẹ̀ kan, kò sí àdínkù. Wọ́n ní ṣé ọjọ́ mẹ́ta ò tó, a ní rárá.

Ọ̀rọ̀ ibi tí wọ́n ti máa pọnmi lọ́sẹ̀ yẹn wá dé. Odò ló kù. A bá ìyá àgbà kan sọ̀rọ̀, wọ́n ní ká má yọ ara wa lẹ́nu, wọ́n wọlé wọ́n mú aṣọ náílọ́ọ̀nù kan jáde, funfun tó ti di àwọ̀ tíì, etí ẹ̀ ti rán lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ní Tíṣà ló fún àwọn, nǹkan tí àwọn fi ń sẹ́ àgbo nìyẹn látìgbà tí sóbìà ti lọ. Wọ́n gbé ìró sókè díẹ̀ wọ́n fi kókósẹ̀ wọn hàn wá, ojú ọgbẹ́ mẹ́ta, ọ̀kan fẹ̀ tó kọ́bọ̀. Wọ́n ní ọdún tí èyí tó fẹ̀ yẹn ṣe àwọn, àwọn ò lè dé oko, Tíṣà kó àwọn ọmọ Síkáòtù wá wọ́n bá àwọn kórè ẹ̀gẹ́. "Ìyàwó ẹ̀ náà wá. Ó gbọ́mọ pọ̀n." Mo wo Mọ́mì, Mọ́mì ní àwọn ti gbàgbé. Ọmọ tí wọ́n pọ̀n yẹn, èmi ni.

Simẹ́ńtì ń gbẹ, a ò sì níṣẹ́, àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti dé láti Èkó, a ní ká lọ Adó-Àwáyè. Ìrántí tiwa nìyẹn, kò sí aṣọ ẹbí, bàtà tó mú ilẹ̀ nìkan. Wọ́n ní àtẹ̀gùn ibẹ̀ jẹ́ 369, àwọn ọmọ kà á, oníkálukú ní iye tiẹ̀ lọ́tọ̀ wọ́n ń jà. Nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ Ìṣàgẹ, àpáta gàgàrà tó dúró lórí bí ẹni pé atẹ́gùn lè tì í ṣubú, ọmọ Bọ̀dá tó jẹ́ pé fóònù ni gbogbo ayé ẹ̀, ó gbé fóònù sápò, ó bi mí pé ta ló gbé e síbẹ̀. Mo fún un ní èsì jọ́gíráfì tí Dádì máa ń fún wa, pé ilẹ̀ tó bò ó mọ́lẹ̀ ló ti wọ́ lọ díẹ̀díẹ̀, ó kù òun. Ó ní irọ́ ni. Ohun témi náà sọ nígbà yẹn nìyẹn. A dé etí Ìyákè, a jẹ mọ́ínmọ́ín níbẹ̀, Mọ́mì gùn ún dókè o, ẹ má fojú kéré wọn, wọ́n kàn ń sinmi nígbà gbogbo wọ́n ń ní "ẹ máa lọ, mo ń wo ewéko ni."

Títò padà

Sílíńdà ló ń kọ́kọ́ wọlé, pẹ̀lú wáṣà tuntun tí a ti rẹ sínú omi. Lẹ́yìn náà ọ̀pá kan, páìpù kan, ọ̀pá kan, páìpù kan, títí dókè. Ẹ fi aṣọ nu inú páìpù kọ̀ọ̀kan kó tó lọ, iyanrìn ni ọ̀tá wáṣà. Kílám̀pù méjì. A mú sílíńdà lọ sísàlẹ̀ ju ibi tó wà tẹ́lẹ̀ lọ pẹ̀lú páìpù kan síi, torí ìwé Dádì sọ pé ní ìparí ẹ̀ẹ̀rùn omi máa ń fà, mo sì gba ìwé gbọ́. Ọ̀pá tó kẹ́yìn lókè ẹ máa gé e níwọ̀n kẹ́ ẹ tó gé títì sí i lórí, kó má gùn jù kó sì má kúrú jù, torí ṣéènì ló máa gbé e.

Ṣéènì gba gírísì. Abẹ́ ìdérí orí pọ́ǹpù, níbi tó jẹ́ pé ẹni tó bá wá fi gírísì sí ṣéènì nìkan ló lè rí i, a fi irin lù ú síbẹ̀ lẹ́tà-lẹ́tà: TÍṢÀ OLÓKÈ. Bọ̀dá ló lù ú. Lẹ́tà Ṣ ò ní àmì nísàlẹ̀ torí irin ìlùwé tá a yá ò ní in, ó fi ìṣó kan ṣe àmì náà.

A da kílórìn sí kànga, a tẹ̀ ẹ́ títí òórùn ẹ̀ fi jáde lẹ́nu pọ́ǹpù, a dì í pa mọ́jú. Ọjọ́ kejì a tẹ̀ ẹ́ dà nù títí òórùn yẹn fi lọ, àwọn ọmọ ń bínú pé a ń da omi nù.

Ìdánwò méjì ló wà tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ ṣe kẹ́ ẹ tó sọ pé ó ti parí. Ìkínní, ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀ 40 ní ìṣẹ́jú kan, kó kún ohun tó gba lítà mẹ́wàá ó kéré tán. Tiwa kọjá ẹ̀, kékeré kọ́. Ìkejì, lẹ́yìn tó bá ti ń yọmi ẹ fi sílẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kẹ́ ẹ wá tẹ̀ ẹ́, tó bá gbà ju ìtẹ̀ márùn-ún lọ kó tó yọmi, fáàfù ìsàlẹ̀ ń jò nìyẹn. Ìyá àgbà olójú ọgbẹ́ yẹn ló tẹ̀ ẹ́. Ìtẹ̀ kejì, omi. Wọ́n ní kí a kúrò níwájú àwọn, àwọn ní aṣọ láti fọ̀.

Tó kù nílẹ̀

Àwọn méjì ló ti kọ́ títú ẹ̀ ní abúlé yẹn báyìí, ọmọkùnrin kan tó wà nínú àwọn tó ń pariwo mọ́ pọ́ḿbà, àti ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó ń ṣe àtúnṣe fóònù, ọwọ́ ẹ̀ mọ̀ ọ́n ju ti gbogbo wa lọ. Àpótí sípánà Dádì wà lọ́dọ̀ ẹ̀, kílám̀pù méjèèjì wà nínú ẹ̀, pẹ̀lú wáṣà tó kù. Ilé kọ̀ọ̀kan ń dá owó kékeré lóṣooṣù, Ìyá Ẹgbẹ́ ló ń gbà á, wọ́n ní ọkùnrin kankan ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Ìwé ẹlẹ́yìn pupa, Mọ́mì ò gbà kó kúrò nílé, a ya fọ́tò gbogbo ojú ìwé ẹ̀, a sì ra tuntun fún wọn, ó ti ní àkọsílẹ̀ kan: "Gírísì ti tán nínú agolo. Ẹ rán an wá."

Ọgbà tó máa lé ewúrẹ́ kúrò nídìí ẹ̀ la ò tíì ṣe. Baálẹ̀ ní igi ìyeyè, ọ̀dọ́mọbìnrin yẹn ní wáyà, torí gbòǹgbò ìyeyè á wá la simẹ́ńtì. Èmi wà lẹ́yìn wáyà. Ẹni tó bá mọ ibi tí wọ́n ti ń ta èyí tó nípọn tí kì í ṣe ti Èkó, ẹ bá mi sọ.